Iná Ìdáná, Igbó Àti Òjò: Òfin Nìkan Kò Tó

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ILÉ ÌKÀWÉ ABÚLÉ

Ní ọ̀pọ̀ abúlé ilẹ̀ Yorùbá, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni ìyá tí ń yan gàrí ti ń dáná sí ààrò rẹ̀. Yóò to igi sí ẹnu ààrò, yóò fẹ́ ẹ títí yóò fi ràn, èéfín yóò sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Nígbà tí ìyá tí ó bí i wà ní ọ̀dọ́, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń ṣẹ́ igi tí wọ́n fi ń dáná. Lónìí, ó di dandan kí òun tàbí ọmọ rẹ̀ rìn jìnnà kí wọ́n tó rí ìdì igi kan gbé rù, tàbí kí ó fi owó rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó fi ọkọ̀ kó o wá. Ọkọ rẹ̀ tí ó jẹ́ àgbẹ̀ ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Àgbàdo tí ó gbìn nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ti kú sínú ilẹ̀, nítorí òjò náà dá, kò sì padà títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi kọjá.

Ẹni tí kò bá wo ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ yóò sọ pé ẹjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ti ìyàwó àti ti ọkọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni àwọn ẹjọ́ méjèèjì. Ète ẹ̀kọ́ yìí ni láti ṣàlàyé bí iná tí a ń dá, igbó tí a ń gé àti òjò tí a ń retí ṣe so mọ́ ara wọn. Ìdí tí ọ̀pọ̀ òfin tí ìjọba ti ṣe lórí wọn kò fi so èso tó bí ó ti yẹ. Àti ohun tí ó ṣeé ṣe lọ́dọ̀ ìjọba, ní abúlé àti nínú ilé. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

BÍ AYÉ ṢE Ń GBÓNÁ SÍ I

Afẹ́fẹ́ tí ó yí ayé ká dà bí aṣọ ìbora. Ìtànṣán oòrùn ń kọjá nínú rẹ̀, ó sì ń mú ilẹ̀ gbóná. Ilẹ̀ náà a sì máa tú ooru padà sí òfuurufú. Nínú afẹ́fẹ́ yìí ni ẹ̀yà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kábọ́nì dàìọ́ksáìdì. Kò pọ̀, ojú kò sì lè rí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá díẹ̀ nínú ooru náà dúró kí ó má baà bọ́ lọ tán. Bí kò bá sí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá, òtútù ì bá pa ohun ẹlẹ́mìí jìnnìjìnnì lórí ilẹ̀ ayé. Ṣùgbọ́n bí aṣọ ìbora bá nípọn ju bí ó ti yẹ lọ, ẹni tí ó sùn sábẹ́ rẹ̀ yóò làágùn.

Bí a bá sun igi, èédú, bẹntiróòlù, epo òyìnbó tàbí gáàsì, afẹ́fẹ́ yìí ni ń jáde nínú wọn. Igi tí ó wà láàyè, ní tirẹ̀, a máa fà á mọ́ra, a sì máa fi í kọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bá gé igi, tí ó sun ún, tí kò sì jẹ́ kí òmíràn hù dípò rẹ̀, ohun méjì ni ó ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ó tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀, ó sì pa ẹni tí ì bá gbà á padà.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1896 ni Svante Arrhenius, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Sweden, ti ṣe ìṣirò pé bí kábọ́nì dàìọ́ksáìdì bá pọ̀ sí i, ayé yóò gbóná sí i. Láti ọdún 1958 sì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní erékùṣù Hawaii. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 280 nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ ti kábọ́nì dàìọ́ksáìdì kí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ńláńlá tó gbilẹ̀ ní ayé. Ní ọdún 1958 ó ti tó nǹkan bí 315. Lónìí ó ti kọjá 420. Ọdún 2024 sì gbóná ju gbogbo ọdún tí a ti kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣáájú lọ: ó fi nǹkan bí ìwọ̀n 1.5 ti Celsius gbóná ju bí ayé ti rí láàrin ọdún 1850 sí 1900.

Ìwọ̀n kan àbọ̀ lè dà bí ohun kékeré létí. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó gbóná a máa gba omi sára ju èyí tí ó tutù lọ. Ó ń fa omi kúrò lára ilẹ̀ oko kíákíá ní àkókò ọ̀dá, bí ó bá sì di pé òjò rọ̀, ó lè tú ọ̀pọ̀ omi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí ọ̀dá àti àgbàrá fi lè bá ìlú kan náà jà nínú ọdún kan náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá kan rọ̀ ní ìlú Ìbàdàn. Omi gbé afárá lọ, ó wó ilé, ẹ̀mí tí ó sì bá a lọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe ojú ọ̀run nìkan ni ó jẹ̀bi ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ilé tí a kọ́ sí ẹ̀bá odò, pàǹtírí tí a dà sí ojú àgbàrá, àti orí òkè tí a gé igi rẹ̀ tán, gbogbo wọn ni ó máa ń dá sí i.

Òtítọ́ kan wà tí ó yẹ kí òǹkàwé fi sọ́kàn. Nínú gbogbo kábọ́nì dàìọ́ksáìdì tí ayé ń tú jáde lọ́dọọdún láti inú epo, gáàsì àti èédú tí a ń wà nílẹ̀, ti Nàìjíríà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti fi ẹ̀rọ lówó ni gbèsè náà pọ̀ lọ́rùn wọn jù. Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe fi ohùn ṣọ̀kan ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Íjíbítì ní ọdún 2022 pé kí a dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí ìyà ojú ọjọ́ ń jẹ. Síbẹ̀, òjò kì í béèrè ẹni tí ó jẹ gbèsè kí ó tó ya ilé. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò kò gbọdọ̀ dúró de ẹni tí ó lu òrùlé.

IGI ÌDÁNÁ ÀTI ÈÉDÚ

Ààrò olókùúta mẹ́ta rọrùn láti ṣe, kò sì ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé bí a bá pín ooru iná rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, díẹ̀ ni ó fi ju ọ̀nà kan lọ tí ń dé ìdí ìkòkò. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé ìyókù lọ. Igi tí ìyá kan fi orí rù láti oko jíjìn, apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kò se ohunkóhun.

Ti èédú tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wuni ní ìlú ńlá nítorí pé èéfín rẹ̀ kò pọ̀, ó sì rọrùn láti gbé. Ṣùgbọ́n kí kílò èédú kan tó jáde nínú òkìtì tí wọ́n fi erùpẹ̀ bò, kílò igi mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò wọ inú rẹ̀. Ní agbègbè Òkè-Ògùn, ní apá Ṣakí, Ìgbòho àti Kìṣí, iṣẹ́ yìí ti di oúnjẹ òòjọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Igi tí ó le bí ayìn àti ẹmi ni àwọn asunèédú fẹ́ràn jù. Ayìn kì í tètè dàgbà. Ẹmi sì ni igi tí àwọn obìnrin ń ṣa èso rẹ̀ láti fi ṣe òrí. Ẹni tí ó bá sun ẹmi kan di èédú ti ta owó ọ̀pọ̀ ọdún ní owó ọjọ́ kan.

Èéfín pàápàá jẹ́ ọ̀tá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ni ó kú ní gbogbo ayé nítorí èéfín àti afẹ́fẹ́ búburú inú ilé, èyí tí ó ń ti ibi ìdáná wá. Àwọn ìyá àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn tàbí tí ń ṣeré lẹ́bàá ààrò ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù símú. Ikọ́, òtútù àyà àti àrùn ojú ni ó ń tẹ̀lé e.

Kò sí ẹni tí ó mọ ìyà yìí ju obìnrin tí ó jókòó ti iná lọ. Kì í ṣe àìmọ̀kan ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí a bá sọ fún un pé kí ó má ṣe dá igi mọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò bi wá, ìbéèrè náà sì tọ́: kí ni kí ó fi dáná lọ́la? Lórí ìbéèrè yìí ni òfin púpọ̀ ti fi ẹsẹ̀ kọ.

IGBÓ ỌBA ÀTI ÀWỌN TÍ Ó YÍ I KÁ

Ní ọdún 1899 ni ìjọba àwọn òyìnbó ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀, láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Òun ni igbó ọba àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ní ọdún 1925 ni wọ́n dá igbó ọba Omo sílẹ̀ ní apá Ìjẹ̀bú, níbi tí erin ṣì wà títí di òní. Ète ìjọba ni pé kí igi gẹdú má baà tán, kí orísun odò má sì gbẹ.

Òfin igbó ọba dára ní ète rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ ará abúlé, ohun tí òfin náà sọ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: “Má ṣe.” Má ṣe gé igi, má ṣe dá oko, má ṣe dẹ ìgbẹ́. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti ń jẹ nínú igbó náà tẹ́lẹ̀ rí i pé igbó ti di ti ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùṣọ́ igbó kò pọ̀ tó láti wà níbi gbogbo. Nígbà tí owó kòkó àti owó pákó gbówó lórí, ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ inú igbó ọba lọ dá oko, àwọn agégẹdú náà kò sì dúró lẹ́yìn. Ní Omo pàápàá, oko kòkó ti jẹ apá tí kò kéré nínú igbó náà.

Ètò kan wà tí ó gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ń pè é ní taungya, orúkọ tí ó wá láti ilẹ̀ Burma ní Éṣíà. Nínú ètò yìí, ìjọba a máa fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ nínú igbó ọba, kí ó gbin iṣu, àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ sí i, bí ó bá sì ń tọ́jú ọ̀gbìn rẹ̀, kí ó máa tọ́jú àwọn ọmọ igi tí wọ́n gbìn sí àárín wọn. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, igi yóò ti ga, àgbẹ̀ yóò sì kó lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Ohun tí ó yẹ ní àkíyèsí nínú ètò yìí ni pé kò dúró lórí “Má ṣe.” Ó fi “Ṣe báyìí” tẹ̀lé e. Níbi tí àbójútó bá wà, àgbẹ̀ ń jẹun, igi sì ń dàgbà. Níbi tí àbójútó bá ti yẹ̀, àgbẹ̀ kì í kó lọ mọ́, igi ni ó ń kú.

ẸNI TÍ Ó NI IGI NI YÓÒ TỌ́JÚ RẸ̀

Ẹ̀rí tí ó dára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wà ní orílẹ̀-èdè Níjẹ̀, tí ó bá Nàìjíríà pààlà ní àríwá. Ilẹ̀ náà gbẹ ju ti wa lọ, òjò rẹ̀ sì kéré. Nígbà tí àwọn Faransé ń ṣàkóso ibẹ̀, wọ́n ṣe é ní òfin pé ìjọba ni ó ni igi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ inú oko àgbẹ̀ ni ó hù sí. Òfin náà sì wà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960. Ẹni tí ó bá gé igi inú oko ara rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ, yóò san owó ìtanràn. Kí ni àwọn àgbẹ̀ ṣe? Bí wọ́n bá ti rí ọmọ igi tí ó yọ orí, wọ́n á hú u kí ó tó di ẹjọ́ sí wọn lọ́rùn. Òfin tí a ṣe láti dáàbò bo igi di ohun tí ń pa igi. Ilẹ̀ ṣí sílẹ̀, ìjì iyanrìn ń bo èso tí wọ́n gbìn, wọ́n sì ń gbìn ín lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan.

Ní ọdún 1983, ará Australia kan tí ń jẹ́ Tony Rinaudo, tí ó ti ń gbin igi ní agbègbè Maradi tí wọ́n sì ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kíyè sí i pé àwọn ohun tí ó dà bí pápá lójú oko kì í ṣe pápá. Kùkùté igi tí a ti gé láti ọjọ́ pípẹ́ ni, tí gbòǹgbò wọn ṣì wà láàyè nísàlẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá mú ẹ̀ka mélòó kan tí ó dára lára kùkùté kọ̀ọ̀kan, tí ó sì gé ìyókù, igi yóò tún dìde láìná owó. Nígbà tí ìyàn mú ní ọdún 1984, wọ́n fi oúnjẹ ran àwọn àgbẹ̀ tí ó gbà láti dá igi sí lọ́wọ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn aṣojú ìjọba dẹwọ́ òfin náà, a sì gbà fún àgbẹ̀ pé òun ni ó ni igi tí ó tọ́jú ní oko rẹ̀, kí ó máa gé ẹ̀ka rẹ̀ dáná, kí ó sì máa tà nínú rẹ̀.

Láàrin nǹkan bí ogún ọdún, igi ti padà sí orí ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù hẹ́kítà 5, àwọn tí ó ṣe ìwádìí sì fojú bù ú pé igi náà tó 200 mílíọ̀nù. Kì í ṣe pé wọ́n gbìn wọ́n; wọ́n dá wọn sí ni. Ìjì iyanrìn rọlẹ̀, obìnrin kò rìn jìnnà mọ́ kí ó tó rí igi ìdáná, ewé igi sì di oúnjẹ ẹran.

Ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé àlejò tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, tí ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀, kì í sábà ní àṣẹ láti gbin igi sí i. Ó lè gbin iṣu àti àgbàdo. Ṣùgbọ́n igi a máa pẹ́ lórí ilẹ̀, ẹ̀rù sì ń ba onílẹ̀ pé ẹni tí ó gbin igi lónìí yóò sọ lọ́la pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí, nítorí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ ni ó ti tipa bẹ́ẹ̀ dé kóòtù. Obìnrin tí ń lo igi ìdáná jù lọ, òun náà kì í sábà ní ilẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó nílò igi kò láṣẹ láti gbìn ín, ẹni tí ó láṣẹ láti gbìn ín kò sì rí ìdí tí yóò fi ṣe é. Ohun tí ó lè tú okùn yìí ni àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ ní iwájú Baálẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́rìí: pé onílẹ̀ ni ó ni ilẹ̀ títí láé, pé ẹni tí ó gbin igi ni ó ni igi, àti bí wọn yóò ṣe pín in nígbà tí ó bá tó gé.

GÁÀSÌ TÍ Ń JÓ LÓFO

Bí ìyá tí ń yan gàrí ti ń wá igi kiri, iná ńláńlá ń jó lọ́sàn-án lóru ní ibi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì ní agbègbè Niger Delta, kò sì sí ìkòkò kankan lórí rẹ̀. Ní ọdún 1956 ni wọ́n kan epo ní Oloibiri. Bí epo ti ń jáde láti inú ilẹ̀ ni gáàsì ń bá a jáde. Epo ṣeé tà kíákíá. Ṣùgbọ́n gáàsì ń fẹ́ páìpù àti ẹ̀rọ olówó ńlá kí ó tó di ọjà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dáná sun ún. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé láti inú irú gáàsì bẹ́ẹ̀ ni a ti lè yọ èyí tí a ń rọ sínú sílíńdà fún ìdáná.

Ní ọdún 1979, Ìjọba Àpapọ̀ ṣe òfin pé kí sísun gáàsì lófo dópin ní ọjọ́ kìíní ọdún 1984. Ọjọ́ náà pé, iná kò kú. Òfin fún àwọn kan ní àyè láti máa sun ún bí wọ́n bá san owó ìtanràn, owó náà sì jẹ́ kọ́bọ̀ 2 lórí ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ gáàsì lóròó, níbùú àti nínà. Ó di kọ́bọ̀ 50 ní ọdún 1990, ó sì di náírà 10 ní ọdún 1998. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò yóò rí i pé ó rọrùn láti san irú owó bẹ́ẹ̀ ju kí a kọ́ ilé ẹ̀rọ lọ. Ní ọdún 2005, àwọn ará Iwherekan ní Ìpínlẹ̀ Delta gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Benin City, adájọ́ sì dájọ́ pé sísun gáàsì báyìí tẹ ẹ̀tọ́ wọn sí ìyè àti iyì ènìyàn lójú. Iná náà kò kú síbẹ̀. Ní ọdún 2018 ni owó ìtanràn di dọ́là 2 lórí ìwọ̀n gáàsì kan náà fún àwọn tí epo wọn pọ̀. Gáàsì tí ń jó lófo ti dín kù sí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ṣì wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sun ún jù ní ayé.

Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ ní igbó ọba àti ní ibi epo. Òfin sọ pé “Má ṣe.” Ní ti ará abúlé, kò sí ohun tí a fi rọ́pò èyí tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti olówó, ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rọrùn ju ìgbọràn lọ. Òfin tí ó wúwo lórí tálákà tí ó sì fúyẹ́ lórí ọlọ́rọ̀ kò lè dá igbó sí, kò sì lè pa iná.

OHUN TÍ Ó ṢEÉ ṢE

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Iṣẹ́ wà fún ìjọba, iṣẹ́ wà fún abúlé, iṣẹ́ sì wà fún ilé kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dọ̀ ìjọba. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Nàìjíríà ṣe Òfin Ìyípadà Ojú Ọjọ́, ó sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ní Glasgow ní ọdún náà pé títí di ọdún 2060, orílẹ̀-èdè kò ní tú kábọ́nì jáde ju èyí tí ó lè gbà padà lọ. Òfin wà nígbà náà. Ohun tí ó kù ni pé kí gáàsì dé abúlé ní iye owó tí apá ká. Nígbàkígbà tí owó gáàsì àti epo òyìnbó bá gòkè, ọ̀pọ̀ ilé a máa padà sí èédú. Ilẹ̀ Íńdíà kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ lórí èyí. Láti ọdún 2016, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í so àwọn obìnrin tí kò rí já jẹ mọ́ ètò gáàsì ìdáná, nígbà tí ó sì di ọdún 2019, ó ti dé ọ̀dọ̀ mílíọ̀nù 80 nínú wọn. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí owó rọ òmíràn nígbà tí sílíńdà gbẹ, wọ́n sì padà sídìí igi. Kì í ṣe sílíńdà nìkan ni ó ń se ọbẹ̀. Owó tí a fi ń rọ gáàsì sínú rẹ̀ ni. Bí a bá gba ènìyàn láyè láti ra gáàsì níwọ̀nba, kílò kan tàbí méjì, bí ó ti ń ra èédú, yóò rọrùn fún un. Ó sì tọ́ kí owó ìtanràn tí a ń gbà lórí gáàsì tí ń jó lófo ṣe ìrànwọ́ fún irú ètò bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023 fi àyè gba ìjọba ìpínlẹ̀ láti ṣètò iná fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní abúlé Gbamu Gbamu ní Ìjẹ̀bú, Ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ̀rọ tí ń fi oòrùn ṣe iná, tí agbára rẹ̀ tó kílówáàtì 85, ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2018. Irú iná bẹ́ẹ̀ dára fún fìtílà, fún ẹ̀rọ ìlọta àti fún ohun tí ó ń mú omi tutù, ó sì ń lé jẹnẹrétọ̀ kúrò nílé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ara rẹ̀ jẹ: iná oòrùn abúlé kì í sábà lágbára tó láti yan gàrí. Ọ̀rọ̀ ààrò ṣì wà níbẹ̀.

Ní abúlé. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ẹgbẹ́ obìnrin àti Baálẹ̀ lè ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún igi ìdáná, kí wọ́n gbin igi tí ń tètè dàgbà tí ó sì ń hù padà bí a bá gé e, bí kaṣíà àti àyúnrẹ́. Ẹni tí ń ṣán oko lè fi kùkùté sílẹ̀, kí ó dá ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta sí gẹ́gẹ́ bí ti àwọn ará Níjẹ̀. Ìlú lè fi ohùn ṣọ̀kan lórí àkókò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná sun pápá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí iná ọdẹ kan ṣoṣo lè jó ohun tí ogún ọdún kọ́. Lọ́dọọdún pẹ̀lú, àjọ NiMet tí ń kíyè sí ojú ọjọ́ a máa kéde ìgbà tí ó ṣeé ṣe kí òjò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Kí a yan ẹnìkan tí ó mọ̀wé láti máa ka ìkéde náà sí etígbọ̀ọ́ àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n tó gbin àgbàdo. Ìkéde náà kì í ṣe àṣẹ, ó sì lè tàsé. Ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a máa fi òjò àkọ́rọ̀ nìkan ṣe àmì lọ.

Nínú ilé. Ààrò amọ̀ tí a mọ yíká ìdí ìkòkò, tí ó ní ojú kan fún igi àti ihò tí èéfín ń gbà jáde, lè dín igi kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi tí ó gbẹ dáadáa tí a sì là wẹ́wẹ́ ń jó ju igi tútù lọ, èéfín rẹ̀ sì kéré. Kí a rẹ ẹ̀wà sínú omi di ọjọ́ kejì kí a tó sè é. Kí a dé ìkòkò ní ìdérí. Kí a má ṣe dáná sínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń fẹ́ owó púpọ̀.

ÌPARÍ

A kò ṣe ẹ̀kọ́ yìí láti sọ pé kí a pa òfin tì. Ìlú tí kò bá sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀, igbó rẹ̀ kò sì ní pẹ́ tán. Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé mú lọ sílé ni pé ẹsẹ̀ méjì ni òfin fi ń rìn. “Má ṣe” ni ẹsẹ̀ kan, “Ṣe báyìí” sì ni èkejì. Bí ọ̀kan bá gé, òfin yóò máa tiro. Nígbà tí ìyá tí ń yan gàrí bá ní ààrò tí ó dára, igi ìdáná tí ó jẹ́ tirẹ̀, tàbí gáàsì tí apá rẹ̀ ká, kò ní sí ìdí fún olùṣọ́ igbó láti máa lépa rẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Báwo ni igi tí a gé tí a kò gbin òmíràn dípò rẹ̀ ṣe ń fi kún ooru ayé lọ́nà méjì?
2. Kí ni ó mú kí àwọn àgbẹ̀ Níjẹ̀ máa hú ọmọ igi, kí ni ó sì mú kí wọ́n yí padà?
3. Kí ló dé tí òfin ọdún 1979 kò fi pa iná gáàsì?
4. Ní abúlé yín, ta ni ó láṣẹ láti gbin igi sí ilẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀? Irú àdéhùn wo ni ó lè tẹ́ onílẹ̀ àti àlejò lọ́rùn?
5. Ẹ ka iye ìdì igi tí ilé kan ń lò ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ mọ ààrò amọ̀ kan, kí ẹ tún un kà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ìyàtọ̀ wo ni ẹ rí?